Wọ́n Pè, Kò Sẹ́ni Tó Gbé E

Ní aago 2:39 òru ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2014, wọ́n pe bàálù MH370 láti ilẹ̀ lórí fóònù sátẹ́láìtì. Kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n tún pè ní aago 7:13 àárọ̀, òfo ni. Èèyàn 239 ló wà nínú bàálù náà nígbà tó gbéra ní Kuala Lumpur, tó ń lọ sí Beijing.

Sátẹ́láìtì Inmarsat, ilé-iṣẹ́ kan ní London, ni ìpè náà gbà kọjá. Àwọn atukọ̀ òkun gan-an ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tìtorí wọn dá Inmarsat sílẹ̀ ní 1979, torí rédíò àtijọ́ kì í ṣeé gbọ́kàn lé láàárín agbami. Nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè ni sátẹ́láìtì wọn wà, ó ń bá ayé yí, àfi bíi pé ojú kan ló dúró sí.

Nínú yàrá ìtukọ̀ ọkọ̀ òkun, bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ ìdérí. Bí ewu bá dé, atukọ̀ á ṣí i, á tẹ̀ ẹ́, á sì dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ọwọ́ kan ló ṣèèṣì kàn án, tí wọ́n á wá máa wá ẹni tí kò sọnù. Orúkọ ọkọ̀ àti ibi tó wà á dé ọ̀dọ̀ àwọn adóòlà.

Ti MH370 yàtọ̀. Bí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ kò bá gbúròó bàálù fún wákàtí kan, á béèrè bóyá ó ṣì wà. Ẹ̀rọ inú bàálù á jẹ́ ẹ. Kò ní sọ ibi tó wà, ìkíni lásán ni. Àmọ́ àwọn onímọ̀ Inmarsat wo bí ìdáhùn ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà àti bí ìgbì rẹ̀ ṣe yí padà, wọ́n sì rí i pé ìhà gúúsù òkun Íńdíà ni bàálù náà forí lé. Aago 8:19 ni wọ́n gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. Ní 2015, àfọ́kù apá rẹ̀ kan gúnlẹ̀ sí erékùṣù Réunion.

Viasat ti Amẹ́ríkà ra Inmarsat ní 2023. Viasat náà ti jìyà tirẹ̀: ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022, bí Rọ́ṣíà ṣe fẹ́ ya wọ Ukraine, àwọn kan já wọ kọ̀ǹpútà tó ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì KA-SAT, sátẹ́láìtì rẹ̀ tí ológun Ukraine ń lò. Sátẹ́láìtì náà ò fara pa. Mọ́dẹ́ẹ̀mù orí ilẹ̀ ni wọ́n sọ di òkú. Ní àárín gbùngbùn Yúróòpù, 5,800 ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná ṣì ń yí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń mójú tó wọn láti ọ̀nà jíjìn ò gbúròó wọn mọ́. Mọ́dẹ́ẹ̀mù tuntun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 ni Viasat fi ránṣẹ́.