Ẹ Má Fi Ìṣirò Dẹ́rù Ba Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju ti àwọn ọmọ wa lọ, àwọn tí wọ́n wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ìṣirò tí wọ́n ń sá fún bí ẹni tí ó pàdé ẹkùn.

Àfáà onílé-kéwú ni mí ní Ìgándò, ní àgbègbè Alímọ̀ṣọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bí àwọn ọmọ bá ti ilé-ìwé dé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú wàláà wọn. Ọmọ tí ó ti há súrà gígùn sórí láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè, bí mo bá ní kí ó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá kí n wò ó, ojú rẹ̀ a fà ro. A ní, “Àfáà, èmi kò mọ ìṣirò o.” Ta ni ó sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n? Bí a bá wádìí rẹ̀ dáadáa, àwa àgbà ni. Ìyá a ní, “Èmi náà kò mọ̀ ọ́n nígbà tèmi.” Bàbá a ní, “Orí rẹ kò gba ìṣirò.” Pàṣán a sì parí èyí tí ó kù.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ̀ ń ta ata àti tòmátì lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Ìkọ̀tún. Mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ń wò ó bí ó ti ń bá ìyá rẹ̀ tajà. Oníbàárà kan ra ata 350 náírà, ó ra tòmátì 500 náírà, ó sì na 1,000 náírà sí i. Kíá ni ọmọ náà dáhùn pé, “Àádọ́jọ náírà ni ṣénjì yín, mà.” Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní kí ó yọ 850 kúrò nínú 1,000, 1,850 ni ó kọ síbẹ̀, olùkọ́ sì fi bírò pupa fà á. Ẹ gbọ́ ná, ta ni ó fún ọlọ́jà ní 1,000 tí ó gba ṣénjì 1,850 rí? Lẹ́nu ọjà, ọmọ yìí kò jẹ́ ṣe irú rẹ̀ láé. Nínú ìwé, ó ṣe é, kò sì fura.

Ẹ má ṣe rò pé ọmọ Ìgándò nìkan ni èyí ń ṣe. Ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, níbi tí àwọn Àgùdà ìlú Èkó ti ṣẹ́rí wá sílé, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta kan wo irú ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú Recife. Orúkọ wọn ni Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, ọdún 1985 ni wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Àwọn ọmọ márùn-ún tí ń tajà ní ìgboro ni wọ́n lọ bá, láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń béèrè iye owó àti ṣénjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn lórí ìwé. Lẹ́nu ọjà, bí ìbéèrè bá jẹ́ 100, àwọn ọmọ náà gba 98. Lórí ìwé, tí ó jẹ́ nọ́ńbà lásán, wọn kò gbà ju 37 lọ nínú 100. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìtàn rírà àti títà wé nọ́ńbà náà, wọ́n gba 74.

Ọmọ kan nínú wọn ń ta àgbọn. Wọ́n bi í pé èló ni àgbọn mẹ́rin, bí ẹyọ kan bá jẹ́ 35 owó ilẹ̀ wọn. Ó ka mẹ́ta sí 105, ó fi 30 lé e, ó di 135, ó tún fi márùn-ún tí ó kù kún un, ó ní 140. Ó gbà á. Nígbà tí wọ́n ní kí ó fi 4 sọ 35 di púpọ̀ lórí ìwé, ó ń ka òfin ilé-ìwé bí ẹni ń ka àyájọ́, ó sì kọ 200. Ọmọ kan náà ni, ìṣirò kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé lẹ́nu ọjà, ó mọ ohun tí ó ń kà. Nínú ìwé, ó ti gbàgbé pé 3 tí ó wà nínú 35 kì í ṣe mẹ́ta, ọgbọ̀n ni.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibí gan-an ni iṣẹ́ wà fún àwa òbí. Afárá ni ọmọ ń fẹ́, tí yóò gbà láti ọjà kọjá sínú ìwé. Afárá náà kò sì wọ́n, nítorí pé ó ti wà nílé wa àti ní ẹnu wa.

Ẹ kọ́kọ́ wo èdè wa. Àwọn baba wa kò fi orúkọ lásán pe iye. Ogójì, ogún méjì ni. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta ni. Ọgọ́rin, ogún mẹ́rin. Ọgọ́rùn-ún, ogún márùn-ún. Ogóje, ogún méje. Bí a bá sì ní àádọ́rin, à ń sọ pé ọgọ́rin dín mẹ́wàá ni. Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí yé ti ń sọ iye di púpọ̀, ó sì ti ń yọ iye kúrò, kí ó tó di síléètì mú. Àpò omi inú ọ̀rá tí à ń tà káàkiri Ìgándò, ogún ni ó máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ kó àpò mẹ́ta jọ, kí ẹ bi ọmọ pé, “Ọ̀rá omi mélòó nìyí?” Yóò sọ pé ọgọ́ta. Ẹ mú mẹ́wàá kúrò. Ó di àádọ́ta. Ẹ wá jẹ́ kí ó kọ ọ́ sínú ìwé: 60 − 10 = 50. Afárá nìyẹn.

Kì í ṣe àlá ni mo ń lá. Ní oṣù January ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tí ó jẹ́ Mùsùlùmí bí tiwa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Kíláàsì kan ń fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan fún wọn. Kíláàsì kejì bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn kejì lọ nínú ìṣirò. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé ètò náà, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa fi kọ́ni. Bí ó ti wù kí ó rí nílé-ìwé, kò sí òfin tí ó ní kí á má fi Yorùbá ka iye nílé.

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀nà díẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láìná kọ́bọ̀.

Èkíní ni ọ̀ṣùṣù ọwọ̀. Ẹ já ọwọ̀ àtijọ́, kí ọmọ di igi rẹ̀ ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ó bá fẹ́ mọ 35, yóò mú ìdì mẹ́ta àti igi márùn-ún. Bí ó bá fẹ́ yọ mẹ́jọ kúrò, yóò rí i fúnra rẹ̀ pé igi márùn-ún kò tó, pé ó di dandan kí òun tú ìdì kan. Ohun tí olùkọ́ ń pè ní yíyá nìyẹn. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìdì kò ní kọ 1,850 mọ́.

Èkejì ni kíréètì ẹyin. Ìlà mẹ́fà ni, ẹyin márùn-ún sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ máa ka ìlà: márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí yóò fi dé ọgbọ̀n. Kí ẹ wá yí kíréètì náà sí ẹ̀gbẹ́: ìlà márùn-ún, ẹyin mẹ́fà mẹ́fà. Ọgbọ̀n náà ni. Ó ti mọ̀ pé márùn-ún lọ́nà mẹ́fà àti mẹ́fà lọ́nà márùn-ún kò yàtọ̀, ẹrù táímù téébù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Ẹ̀kẹta ni ọpọ́n ayò. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ 48. Ọmọ tí ó ń ta ayò gbọ́dọ̀ ka ibi tí ọmọ tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí kí ó tó gbé e. Ìṣirò àfọkànṣe ni, ẹ̀rín sì ni.

Ẹ̀kẹrin ni káàdì àjọ. Bí ìyá bá ń dá 500 náírà lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 15,000 ni. Alájọ a mú ti ọjọ́ kan, ó ku 14,500. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa bá yín ka káàdì náà. Ẹ ó rí bí inú rẹ̀ yóò ti dùn pé ohun tí òun ń kọ́ wúlò fún ilé.

Ẹ̀karùn-ún, eré onígun mẹ́rin. Ẹ la ilé mẹ́sàn-án sílẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta, kí ọmọ fi 1 dé 9 sínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ìlà, ní ìbú, ní òòró àti ní igun sí igun, jẹ́ 15. Kí ó fi 5 sí àárín, kí ó máa wá ìyókù. Kì í ṣe ti tírà ni mo ń wí o, ti ọgbọ́n ni. Muhammad ibn Muhammad, ọmọ Katsina tí ó kú ní Káírò ní 1741, kọ ìwé lórí irú rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ wa ni.

Ẹ̀sìn wa gan-an kò ya ara rẹ̀ kúrò lára ìṣirò. Rákà ìrun wa lóòjọ́, 2 àti 4 àti 4 àti 3 àti 4, ó jẹ́ 17. Sàká owó, ìdá kan nínú ogójì ni: nínú 4,000,000 náírà, 100,000 ni. Ní ti ogún, bí ọkùnrin kan bá kú, tí àwọn òbí rẹ̀ kò sí láyé, tí ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀, tí ó sì ku 2,400,000 lẹ́yìn gbèsè àti àsọtẹ́lẹ̀, ìyàwó yóò gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, 300,000. Nínú 2,100,000 tí ó kù, ọmọkùnrin gba 1,400,000, ọmọbìnrin gba 700,000. Ẹni tí kò mọ ìdá kò lè mọ̀ bí wọ́n bá rẹ́ òun jẹ. Nítorí rẹ̀ ni al-Khwarizmi, ọ̀mọ̀wé Baghdad ní ayé Kálífà al-Ma'mun tí ó jọba láti 813 dé 833, ṣe fi apá gígùn nínú ìwé rẹ̀ sí pípín ogún. Láti inú orúkọ ìwé kan náà ni àwọn Òyìnbó ti rí orúkọ algebra.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi bojú láti máa rán ọmọ kiri ọjà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Ṣénjì nìkan kò tó ayé gbé. Ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n lórí tí kò mọ̀ ọ́n kọ, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a kọ ìwé gbèsè rẹ̀, ohun tí ó bá sì wu ẹni náà ni yóò kọ. Ọjà ni ìbẹ̀rẹ̀, ìwé ni à ń lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé pàṣán sílẹ̀. Ọmọ tí ń gbọ̀n kò lè ka iye. Bí ó bá ṣì í, ẹ má ṣe pariwo. Ẹ bi í pé, “Báwo ni o ti ṣe é?” Nínú àlàyé rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ yóò ti rí ibi tí ó ti ṣìnà. Bí ó bá sì gbà á, ẹ bi í bákan náà, kí ẹ sì yìn ín.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín Màgàríbà àti Ìṣáì tó. Ìyá tí kò kàwé lè ṣe é, nítorí ó mọ iye owó ọjà. Bàbá tí ó ti rẹ̀ lè ṣe é lórí ẹní. Kí Ọlọ́run Ọba fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wọ́n láǹfààní, kí Ó sì fún àwa tí a bí wọn ní sùúrù láti kọ́ wọn. Àmín.