Ṣé O Mọ̀? Káńṣáàfù Tuntun Kì í Bá Tápẹ́ẹ̀tì Ògbólógbòó Gbé

Ṣé o mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,500 péré ni káńṣáàfù, aṣílẹ̀kùn-fún-fáàfù, ń yí ní tirẹ̀?

Tápẹ́ẹ̀tì ni káńṣáàfù yìí ń tì kí fáàfù lè ṣí. Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní róólà, bí káńṣáàfù bá jẹ, tí ojú tápẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó yọ díẹ̀ sì jin kòtò bí àwo, a kì í pààrọ̀ ọ̀kan kí á dá èkejì padà, nítorí àgùntàn tó bá bájá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Bí a bá sì to méjèèjì tuntun tán, a ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí ní nǹkan bí ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan fún ìṣẹ́jú 20, kí ọ́ìlì tí kiránkíṣáàfù ń ta sókè lè máa rin wọ́n dáadáa.