Ẹ̀yin Oníṣòwò Ìkirè àti Apòmù, Ta Ni Yóò San Owó Ibodè Ọjà Yín Nílùú Òyìnbó?

Kò sí ẹni tó ń gba Ìkirè kọjá lọ sí Ilé-Ifẹ̀ tí kò mọ dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n sì fi epo pupa dín. Lójú títì, ọ̀rọ̀ rọrùn: oníbàárà sanwó, ó gba ọjà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tajà fún ará London tàbí Berlin ní láti mọ̀ pé ibodè wà láàárín àwọn méjèèjì, àti pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ sanwó níbẹ̀.

Owó ibodè kì í ṣe àjèjì sí wa. Láyé àtijọ́, nígbà tí Apòmù jẹ́ ọjà ńlá tí ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, àwọn oníbodè a máa gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò nílẹ̀ Yorùbá. Ti àwọn Òyìnbó pín sí méjì. Èkíní ni owó-orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT. Ẹni tó ra ọjà ló ń bọ́ sí lọ́rùn. Èkejì ni owó ẹnubodè, tí àwọn aṣọ́bodè ń gbà lórí ọjà tó ti òkèèrè wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí oúnjẹ ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2021, bí iye ẹrù tó ń lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá ju £135 lọ, ẹni tó tà á ni yóò gba VAT lọ́wọ́ oníbàárà, tí yóò sì san án fún HMRC, àjọ owó-orí wọn. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni. Aṣọ £100 yóò di £120. Bó bá jẹ́ orí ọjà ńlá bíi Amazon la ti tà á, Amazon ni yóò gbà á, tí yóò sì san án. Bó bá jẹ́ orí WhatsApp, ẹ̀yin tí ẹ tà á lẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹrù tó bá ju £135 lọ, ẹnu ibodè ni wọn yóò ti gba owó rẹ̀.

Ní ti orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, oṣù Keje ọdún 2021 ni wọ́n fòpin sí àǹfààní tó ń yọ ẹrù tí kò ju yúrò 22 lọ sílẹ̀ nínú VAT. Jámánì ń gba ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún, Faransé 20, Hungary 27. Wọ́n dá ètò IOSS sílẹ̀ kí oníṣòwò lè gba VAT ẹrù tí kò ju yúrò 150 lọ ṣáájú, ṣùgbọ́n ará Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní aṣojú tó fìdí kalẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, wọ́n tún fẹnu kò pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2026, irú ẹrù kékeré bẹ́ẹ̀ yóò máa san owó ẹnubodè yúrò mẹ́ta lórí oríṣi ọjà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù rèé. Ká ní ìyá kan l'Ápòmù fi aṣọ £150 ránṣẹ́ sí London, tí kò sì sọ fún oníbàárà pé owó kù lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá ní kí oníbàárà wá san VAT tí kò lè dín ní £30, àti owó iṣẹ́ àwọn tó gbé ẹrù, ó lè kọ̀ ọ́. Ẹrù yóò padà tàbí kó ṣègbé. Owó tí ìyá fi gbé e lọ ti wọgbó.

Ẹ má sì ṣe kọ "ẹ̀bùn" sára ọjà títà. Irọ́ ni, àwọn aṣọ́bodè sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ kọ orúkọ ọjà, iye rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, ètò DCTS ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè dín owó ẹnubodè ọjà tí a ṣe ní Nàìjíríà kù tàbí kó mú un kúrò, bí ẹ̀rí bá wà pé ibí la ti ṣe é. Kò mú VAT kúrò o.

Ẹ̀yin ará Apòmù mọ̀ ọ́n nínú ìtàn pé aáwọ̀ lórí ataare lọ́jà yín wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1821. Kí ẹrù tó kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ iye tí yóò san àti ẹni tí yóò san án. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.