Bí kọ̀ǹpútà ilé bá ń kú lójijì, ẹ má tíì ra òmíràn

Ìyá kan tó ń ta epo pupa ní ọjà Kétu ló ránṣẹ́ pè wá. Àwọn ni olórí àjọ àwọn obìnrin àdúgbò wọn, irú èyí tí àwọn ará Kùtọ́nù ń pè ní tontine. Orúkọ àwọn tó ń dá àjọ náà, iye tí kálukú ti san àti ẹni tó kàn láti kó, inú kọ̀ǹpútà ilé ni ọmọ wọn kọ gbogbo rẹ̀ sí. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Wọ́n á tàn án, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún kú. Ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n pín owó. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ṣe ni ìyá fẹ́ jẹ owó àjọ.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbà mí o,” ni ìyá wí fún wa. “Ẹni tó wá wò ó ní kí n lọ ra òmíràn. Níbo ni mo ti fẹ́ rówó?”

A mú ọ̀gá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àjàṣẹ́ dání lọ sílé ìyá. Ohun tí a rí níbẹ̀ la fẹ́ sọ fún yín, nítorí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nílé wa ló jẹ́ àlòkù tó ti Yúróòpù wá, ìṣòro báyìí kì í sì í jìnnà sí wọn.

Ẹ kọ́kọ́ kó ohun inú rẹ̀ jáde

Ọ̀gá kò sáré tú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí wọ́n pa á fún wákàtí kan kó lè tutù. Nígbà tó tún tàn án, kíá ló da àkọsílẹ̀ àjọ sórí clé USB. “Bí òrùlé bá ń jò, ẹrù là ń kọ́kọ́ gbé kúrò lábẹ́ rẹ̀,” ló wí. Ọmọ ìyá sì tún da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé.

Ìgbà wo ló ń kú?

Ìbéèrè ló tẹ̀ lé e. Ìgbà wo ló máa ń kú? Kí ló máa ń hàn lójú rẹ̀? Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ooru la ó kọ́kọ́ fura sí. Bó bá kú fíà bí ìgbà tí ènìyàn pa iná, láìkọ ohunkóhun, ó lè jẹ́ ooru tàbí iná mànàmáná. Bí ojú rẹ̀ bá di aláwọ̀ búlúù, tó kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ó lè jẹ́ mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń pè ní RAM, tàbí ètò kan tó ti dàrú nínú rẹ̀. Bó bá sì ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, tó ń pẹ́ kó tó ṣí ohunkóhun, ó ṣeé ṣe kí dísíìkì rẹ̀ máa bàjẹ́ lọ. Ẹ má fi ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ju kí ẹ kó ohun inú rẹ̀ jáde.

Ti ìyá gbóná. Ọ̀gá yọ okùn iná, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti dì mọ́ fáànù bí òwú. Ó fọwọ́ kan irin ara àpótí náà ná, kí iná kékeré tó máa ń wà lára ènìyàn má bàa ba nǹkan inú rẹ̀ jẹ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku, ó sì fi ìka di abẹ́ fáànù mú kó má yí. Ó yọ mẹ́mọ́rì, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó tẹ̀ ẹ́ padà títí ó fi dún kọ́. Ó pààrọ̀ ọ̀rá tó ti gbẹ lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Àpótí tí iná ń gbà wọlé nìkan ni kò tú. Ó ní iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá yọ okùn, ó sì lè pa ènìyàn.

A rò pé ó ti parí. Nígbà tó di ọ̀sán, kọ̀ǹpútà tún kú, ara rẹ̀ kò sì gbóná rárá. Ọ̀gá ní kí ọmọ máa kọ aago tó bá kú sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, ó kú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sí àkókò tí aládùúgbò tan ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀. Iná ni ẹ̀rọ náà ń lò. Bó bá ti gbéra, iná tó yẹ kó jẹ́ 220 fóòtì á rẹ̀ wálẹ̀ nílé ìyá.

Ìyá lọ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Wọ́n jọ fẹnu kò pé kò ní lọ ata ní wákàtí tí wọ́n bá ń ṣe ìṣirò àjọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ ra onduleur, èyí tó ní bátìrì tó lè gbé kọ̀ǹpútà dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí iná bá rẹ̀ tàbí tó bá lọ. Owó rẹ̀ kéré sí ti kọ̀ǹpútà mìíràn.

Lọ́jọ́ àjọ, ìyá gbé ìwé jáde, ọmọ wọn ń ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kàn kó owó rẹ̀, kò sí ẹni tó jiyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà nílé, ẹ gbá eruku rẹ̀ bí ọyẹ́ bá ti lọ. Ẹ má gbé èyí tó ṣeé gbé kiri lé orí tìmùtìmù, torí kò ní lè mí. Bó bá ń kú, ẹ kọ aago rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó náwó. Ìyá ní láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo ọjọ́ ọjà ni ọmọ àwọn yóò máa da àkọsílẹ̀ àjọ kọ sínú ìwé.