Bàálù tó sùn sábẹ́ yìnyín fún 50 ọdún: báwo ni wọ́n ṣe mú un fò padà?

Tó bá jẹ́ inú dánfó lẹ wà, ẹ ki earpiece yín bọ etí dáadáa, torí ìtàn tòní dùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilé wa bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní Peugeot 504 kan tó ti wà lẹ́yìn ilé wa n'Íbàdàn láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi dáwó jọ pé ká tún un ṣe, kí bàbá lè gùn ún lọ síbi ọjọ́ ìbí 70 ọdún wọn. Wọ́n kun ọkọ̀ náà, ó ń dán gbinrin. Mẹkáníìkì ní kò síṣòro mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà wà á dé ẹnu géètì, wọ́n tẹ bíréèkì, bíréèkì ò mú. Fẹ́ńsì ló dá wọn dúró. A dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ìgbà tá a yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò la rí i pé páìpù bíréèkì ti dípẹtà, níbi tí ọ̀dà ò dé.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé: kí ló túmọ̀ sí gan-an pé èèyàn tún nǹkan àtijọ́ ṣe? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ bàálù kan tí wọ́n ń pè ní Glacier Girl.

July 15, 1942 ni. Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́. Bàálù Amẹ́ríkà mẹ́jọ ń gba ojú ọ̀run Greenland lọ sí Bìrìtìkó: P-38 mẹ́fà tó jẹ́ bàálù ajagun, àti B-17 méjì tó máa ń ju bọ́ǹbù. Ojú ọjọ́ bàjẹ́, epo sì ń tán lọ. Bí gbogbo wọn ṣe já wálẹ̀ sórí yìnyín nìyẹn. Èèyàn 25 ló wà nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó kú. Wọ́n rí àwọn èèyàn náà gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi bàálù síbẹ̀.

Lọ́dọọdún, ìrì dídì ń já bọ́ lé wọn lórí, ó ń kì mọ́lẹ̀, ó ń di yìnyín. Nígbà tí Pat Epps àti Richard Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn lọ́dún 1981, wọ́n rò pé díẹ̀ ni àwọn máa gbẹ́. Ìgbà tí ẹ̀rọ fi máa rí wọn lọ́dún 1988, wọ́n ti wà ní nǹkan bí 80 mítà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ Cocoa House, kó fojú inú wo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

B-17 tí wọ́n kọ́kọ́ kàn lọ́dún 1990, yìnyín ti tẹ̀ ẹ́ rún. Lọ́dún 1992 ni wọ́n padà lọ fún P-38 kan. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbígbóná yọ́ ihò kan tó tó èèyàn gbà, wọ́n sọ òṣìṣẹ́ kalẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n fi omi gbígbóná la àyè yí bàálù náà ká, wọ́n tú u, wọ́n sì ń fà á jáde ní ẹyọ ẹyọ.

Roy Shoffner, oníṣòwò kan ní ìlú Middlesboro, ní Kentucky, ló náwó sí i. Bob Cardin sì darí àtúnṣe náà. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló gbà wọ́n.

Kí ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Irin bàálù máa ń tan èèyàn jẹ. Èyí tó dán lè ti sán nínú. Nínú irú iṣẹ́ yìí, wọ́n á tú gbogbo nǹkan palẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ sí i lára. Wọ́n á fi oje pupa kan pa irin, wọ́n á nù ún kúrò, wọ́n á wá fi ìyẹ̀fun funfun sí i. Tí ibì kan bá ti sán, oje tó sá síbẹ̀ á yọ jáde bí ìlà pupa. Páànù tó bá ti wó, wọ́n á nà án, wọ́n á fi wọn tuntun, bí télọ̀ ṣe ń fi aṣọ àtijọ́ gé tuntun.

Ibí ni wàhálà wà. Gbogbo irin àtijọ́ tí wọ́n bá yọ, ìtàn ló ń lọ yẹn. Gbogbo irin tí ò lágbára tí wọ́n bá fi sílẹ̀, ẹ̀mí awakọ̀ ló wà nínú ewu. Tó bá jẹ́ mùsíọ́ọ̀mù ló ń lọ, kò sóhun tó ní kí wọ́n má fi irin tó ti rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàálù tó máa fò ò mojú ẹnikẹ́ni. Àwọn kan tiẹ̀ sọ pé kò yẹ kí irú rẹ̀ fò mọ́, torí tó bá já, ó tán nìyẹn. Mi ò lè ní wọn ò gbọ́n.

October 26, 2002, Steve Hinton gbé Glacier Girl gbéra ní Middlesboro, níwájú èrò tí wọ́n fojú bù sí 20,000. Lọ́dún 2007, wọ́n ní kó parí ìrìn-àjò tó dáwọ́ dúró lọ́dún 1942, kó dé Bìrìtìkó. Omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù bẹ̀rẹ̀ sí í jò, wọ́n sì ní láti balẹ̀ sí Goose Bay, ní Kánádà. Ìrìn-àjò náà parí síbẹ̀.

Ẹlòmíì á ní wọ́n kùnà. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n tètè rí i, wọ́n sì gbà pé kò ní í lọ. Ká ní a ṣe bẹ́ẹ̀ sí Peugeot bàbá mi ni, fẹ́ńsì wa ì bá má wó.

Ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn ilé. Bàbá ní ká má tíì tún iwájú tó tẹ̀ ṣe. Bíréèkì ni ká kọ́kọ́ ṣe, ká tú u dé ìdí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lohun àtijọ́ tó wà nílé yín tí ẹ fẹ́ kó tún ṣiṣẹ́? Ẹ fi voice note ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná o.