Agbábọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Lẹ́yìn Ìfẹ̀yìntì: Ṣé Ìnákúnàá Ló Ń Bà Wọ́n Jẹ́?

Bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ NBA bá ti délẹ̀, ìtàn kan ṣoṣo làwọn èèyàn máa ń sọ: ọmọ mẹ̀kúnnù rí owó òjijì, ó ra mọ́tò olówó ńlá, ó kó ọ̀rẹ́ lẹ́yìn, owó tán, ọ̀rẹ́ tú ká. Ìwé ìròyìn Sports Illustrated gbè é lẹ́yìn ní 2009, ó ní nǹkan bí 60 nínú 100 wọn ni owó máa ń tán lọ́wọ́ wọn láàárín ọdún 5 tí wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe iye yìí bí ẹni ń pe ẹsẹ ìwé mímọ́, bẹ́ẹ̀ àfojúbù ni. Ìwé ìròyìn kan náà ní àwọn ti NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, tó wọ gbèsè tàbí tí ọ̀wọ́n owó ń bá fínra láàárín ọdún 2 lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì tó 78 nínú 100. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé wá tú àkọsílẹ̀ àwọn ti NFL wò ní 2015, àwọn tó sọ níwájú òfin pé apá àwọn ò ká gbèsè mọ́ kò ju nǹkan bí 16 nínú 100 lọ láàárín ọdún 12 lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Mo gbà pé owó lè tán lọ́wọ́ èèyàn láì dé kóòtù. Síbẹ̀, àlàfo yìí kọjá ohun tí a lè fojú fò.

Ohun tí ìtàn ìnákúnàá yìí ń bò mọ́lẹ̀ ni bí iṣẹ́ náà ṣe kúrú tó. Àwọn ìràwọ̀ la mọ̀ lójú, àmọ́ ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ọdún 4 sí 5 ni wọ́n ń lò mọ. Ẹgbẹ́ 30 ló wà, ààyè àdéhùn tó péye ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju 15 lọ, ọdọọdún sì ni nǹkan bí 60 ọmọ tuntun ń wọlé wá ti àwọn àgbà jáde. Ẹni tí wọ́n bá mú ní ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọmọ tuntun ní owó ọdún 2 tó dájú. Ti ọ̀wọ́ kejì ò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Nínú owó tó wọlé, ìjọba àpapọ̀ á gba tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó ti gbá bọ́ọ̀lù á gba tiwọn, aṣojú rẹ̀ lè gbà tó 4 nínú 100, ẹbí náà ò sì ní ṣàì nawọ́. Ẹnìkan lè ní: ẹni tó ń gba ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún, kí ló tún fẹ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni, n ò sì sọ pé kò sí àpà láàárín wọn. Àmọ́ owó ọdún 3 tí yóò bọ́ èèyàn fún 50 ọdún kì í ṣe owó oṣù. Ogún ni, ọmọ ọdún 23 ló sì ń ṣọ́ ọ.

Lójú tèmi, iṣẹ́ tí wọn ò rí ṣe mọ́ burú ju owó tó tán lọ. Láti kékeré ni ẹlòmíràn ti ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pinnu ìgbà tí yóò jí, ohun tí yóò jẹ, ìlú tí yóò sùn. Àdéhùn tí líìgì bá àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ní 2005 ní kó pé ọmọ ọdún 19 kó tó wọlé, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù ń lo ọdún kan péré ní yunifásítì, wọ́n á sì jáde láì gbàwé ẹ̀rí. Bí orúnkún bá wá bàjẹ́ ní ọmọ ọdún 27, wọ́n á ní kó di akọ́nimọ̀ọ́gbá tàbí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣàn. Ipò olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá 30 péré ló wà, ẹni tó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ló sì sábà máa ń mọ iṣẹ́ náà ṣe ju ìràwọ̀ lọ, torí pé ó ní láti kọ́ iṣẹ́ gbogbo ẹnìkejì rẹ̀ kí wọ́n má bàa lé e. Ìràwọ̀ ni wọ́n ń gbé gbohùngbohùn fún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà láàárín ń gba Tọ́kì, Ṣáínà tàbí Fílípíìnì lọ, kí wọ́n lè sún ọjọ́ náà síwájú.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, ti ṣe gudugudu méje: ní 2016, ó fọwọ́ sí ìbánigbófò ìlera fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lo ọdún 3 ò ní ìpín níbẹ̀, bákan náà ló rí pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2, tó nílò rẹ̀ jù lọ, ìta ló wà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí owó ṣíṣọ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ tuntun ò sì lè dí ihò yẹn. Líìgì tó ta ẹ̀tọ́ ìgbéjáde eré rẹ̀ ní nǹkan bí bílíọ̀nù 76 dọ́là fún ọdún 11 lágbára láti sọ ọdún 3 náà di ọdún 1.