Àìtúlẹ̀ àti Pípààrọ̀ Ohun Ọ̀gbìn: Ta Ni Ó Ń Jèrè?

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá oko kan mú èrè wá, iye àpò àgbàdo tí a kó níbẹ̀ nìkan ni a sábà máa ń béèrè. Ìbéèrè náà kù díẹ̀ káàtó. Ó yẹ kí a béèrè pẹ̀lú bí ojú ilẹ̀ náà ṣe rí, àti ẹni tí ó ni ín.

Ní Ìbàdàn, ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, Rattan Lal fi ọ̀pọ̀ ọdún láàárín 1970 sí 1980 wọn bí ọ̀gbàrá ṣe ń wọ́ erùpẹ̀ lọ. Ó lo ilẹ̀ tí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1, 5, 10 àti 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí a ti túlẹ̀, ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pàdánù erùpẹ̀ ju ilẹ̀ títẹ́jú lọ fíìfíì. Níbi tí a kò ti túlẹ̀, tí pòpórò àgbàdo sì bo ojú rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó lọ, àní lórí èyí tí ó dagẹ̀rẹ̀ jù. Erùpẹ̀ òkè yìí gan-an ni ó lọ́ràá. Ní ọ̀pọ̀ oko àgbègbè náà, kò jìnnà kí a tó kan òkúta wẹ́wẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣírò owó rẹ̀. Ẹni tí kò túlẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ owó katakata (àwọn tí ń fi í ṣòwò kò ní fẹ́ gbọ́ èyí) àti lọ́wọ́ làálàá ebè kíkọ. Ṣùgbọ́n ó níláti ra oògùn tí ń pa koríko kí ó tó gbìn, ní àkókò tí àpò rẹ̀ gbẹ jù lọ. Bí ó bá gbin àgbàdo ní òjò àkọ́kọ́, tí ó sì fi ẹ̀wà tẹ̀ lé e ní òjò kejì, kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà a máa gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, owó ajílẹ̀ a sì dín díẹ̀. Ewé ẹ̀wà kì í pẹ́ jẹrà. Pòpórò àgbàdo ni ó lè bo ilẹ̀ pẹ́. Bí màlúù bá jẹ ẹ́, tàbí tí iná ọyẹ́ jó o, ìṣirò dàrú.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, èrè náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó iṣẹ́ lọ. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni èrè. Ní àkùrọ̀ tí omi ń dúró sí, irúgbìn lè jẹrà lábẹ́ pòpórò. Nítorí náà, olóko mẹ́ta kò gbọdọ̀ fi ọgbọ́n kan dá wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni ó wá le jù. Ọdún yìí ni a ń san owó oògùn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ tí a dá sí yóò san án padà. Àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò gba oko lọ́wọ́ òun ní èṣín, ń náwó fún onílẹ̀ ni. Lójú tèmi, onílẹ̀ tí ó bá fẹ́ kí erùpẹ̀ òun dúró níláti fún un ní ọdún tí ó pọ̀, tàbí kí ó dín ìṣákọ́lẹ̀ kù.